Ọkọ Tí N Kò Fi Àmì Sí

Ọkọ mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bó bá ń kọ̀wé, kì í sì í fi sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá kọ "oko" sílẹ̀, ó lè jẹ́ oko tí à ń ro, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ó lè jẹ́ ọkọ tó fẹ́ni sílé, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Òun mọ èyí tó ní lọ́kàn, ó sì gbà pé èmi náà á mọ̀ ọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Tíṣà eré ìdárayá ni nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ifẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ìlódè fi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ wò ó, kí orúnkún ọ̀tún tó dá a dúró. Ohun tí èmi mọ̀ nìyẹn, nítorí ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Nígbà tí kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àwọn tó ń gbá a. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìbàdàn fún un ní ìdajì ojú ewé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́.

Èmi ni mo ń tún un kọ. Akọ̀wé káàdì ni mí nílé ìwòsàn kan. Ìwé girama ni mo kà dé, n kò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí káàdì ẹnì kan má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sì tíì bọ́ rí. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi á jókòó sí ìdí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á ka ohun tó kọ sí mi létí. Bí n bá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, á fa ìlà sí i. Lẹ́yìn náà á gbé ìwé fún mi, èmi á sì tún un kọ sórí ìwé funfun pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Òfin kan ni mo ní. N kì í fi àmì sórí gbólóhùn kan kí n tó ka èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa ń sọ ohun tí ti iwájú jẹ́.

Nígbà kan, olóòtú ìwé ìròyìn náà kọ lẹ́tà sí ọkọ mi pé kò sí ẹlòmíràn lára àwọn tó ń kọ̀wé ránṣẹ́ tí àmì rẹ̀ péye tó tirẹ̀. Ọkọ mi ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

"Ìwọ ni wọ́n ń bá wí, Ìyá Ìbejì," ló wí.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó o pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọdún tí orílẹ̀-èdè wa kọ́kọ́ lọ síbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sí ohun tí àwọn ènìyàn tún fẹ́ kà ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Olóòtú wá sọ fún ọkọ mi pé kó kọ ìtàn gígùn kan, tí yóò jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nípa bí ènìyàn ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun nílẹ̀ àwọn òyìnbó láyé àtijọ́. Ọkọ mi ronú lọ, ronú bọ̀. Lójijì ó ní, "Ìyá Òyìnbó tó wà ní Ilare ńkọ́? Ṣebí agbábọ́ọ̀lù ni bàbá rẹ̀."

Èmi fúnra mi ni mo dáhùn pé, "Ẹ ò ṣe lọ bá wọn?" N kò gbàgbé pé ẹnu mi ló ti jáde.

Gbogbo Ìlódè ló mọ Ìyá Òyìnbó. Ọmọ àdúgbò wa kan tó lọ kàwé ní Sikọ́tílándì ló gbé e níyàwó wá sílé kí n tó délé ọkọ. Ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá, nítorí náà èdè Ifẹ̀ ló ń sọ, bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ èyí tó wà nínú ìwé, ó kọ́ ọ tàmìtàmì, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Ìbàdàn tí kò sì wálé mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìlódè, ó gba ilé kékeré kan ní Ilare. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ júwe rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni, "Òyìnbó tó fi ọkọ sílẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí, ní agogo mẹ́rin. Ọkọ mi á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lọ tààrà, á dé ilé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó wọlé bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Ìyá Ìbejì, gbọ́ èyí," ló wí kó tó bọ́ bàtà. "Ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí bàbá náà sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń gbé ìṣó tó ti pọ́n nínú iná fún àwọn tó ń fi òòlù gbá a wọ ara ọkọ̀. Ariwo òòlù yẹn ló di í létí òsì. Ó wá di agbábọ́ọ̀lù, apá òsì pápá ló sì ti ń gbá a, etí tó di ló kọjú sí àwọn òǹwòran. Gbogbo èébú tí wọ́n ń bú u, inú etí tó di ló ń bọ́ sí. Kò gbọ́ ẹyọ kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dára, n kò lè sọ pé kò dára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa, náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó.

Ọjọ́bọ̀ kejì, ó sọ bí bàbá náà ṣe di ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Wọ́n ní ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọpọ́n ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá wọlé pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó na ọwọ́ láti inú omi, ó fi ọwọ́ tútù bu ọwọ́ lù ú, yíǹkì sì ṣàn gba ojú ìwé. Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó sọ pé wọ́n mú bàbá náà láti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé wọ́n sì fún un ní fìlà.

"Fìlà?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ṣé ó joyè ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀, fìlà ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá."

"Kò ní bàtà ni? Ẹsẹ̀ ló fi gbá a, orí ni wọ́n wá fún ní ẹ̀bùn."

Èmi gbà gbọ́ pé ọkọ mi ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo ti ka irú èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ rí, mo rò pé àfiwé lásán ni. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé obìnrin náà jẹ́ kó ṣi í gbọ́.

Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ kẹrin, kò sọ ohunkóhun mọ́ nígbà tó bá dé. Á jẹun, á ní oúnjẹ náà dùn, á sùn sẹ́yìn nínú àga. Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ lónìí?" Ó ní, "Á, ọ̀rọ̀ pọ̀. Wàá kà á." Ó yé mi. Ó ti sọ̀rọ̀ tán kó tó délé. Ohun tó ń kù fún mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn pé kó kọ́kọ́ sọ ọ́, kó wo ojú mi, kó tún un sọ, ó ti lò ó tán sórí àga kan ní Ilare.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ó gbé ìwé fún mi láìkà á. Mo ṣí i. Lórí ojú ewé àkọ́kọ́, àwọn àmì wà lórí ọ̀rọ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ wọ́n.

"Ta ló fi àmì sí èyí?" mo béèrè.

"Ìyá Òyìnbó ni. Ó ní òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, kí iṣẹ́ lè fúyẹ́."

Mo yẹ àwọn àmì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá àṣìṣe títí ojú fi ń ro mí. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Kódà, ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi máa ń fi àmì òkè sí, tó jẹ́ pé ohùn àárín ló tọ́ sí i. Mo lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Òun ló tọ̀nà.

Àwọn ènìyàn rò pé owú kì í ṣe ti ẹni tó bá dákẹ́. Èmi dákẹ́. Mo ń kọ káàdì, mo ń kí ènìyàn, mo ń se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ iye bọ́tìnnì tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi ń wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé ilé Ìyá Òyìnbó ni bisikíìtì tó ń rùn lẹ́nu rẹ̀ ti wá. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ ti funfun pátápátá, èyí kò sì dín nǹkan kan kù nínú owú mi. Bó bá jẹ́ ọmọge ni ọkọ mi ń wò, mo mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló kù fún mi nínú ilé náà bí ẹlòmíràn bá ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì ń fi àmì sí i fún un?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò ràn mí lọ́wọ́. "Ìyá Ìbejì," ló wí níjọ́ kan tí mo ń ṣa ẹ̀wà, "ọkọ rẹ ti di ará Ilare. Bí wọ́n bá ń pín oyè níbẹ̀, wọ́n á fún un ní fìlà."

"Iṣẹ́ ló lọ ṣe, mà."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gé èékánná fún."

Mo rò pé èmi nìkan ló rí i.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo tètè kúrò níbi iṣẹ́, mo ní mò ń lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó. Mo sì rà á lóòótọ́. Láti Sábó, ọ̀nà Ilare kọ́ ló yá jù láti padà sí Ìlódè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo gbà. Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi fara ti ògiri ilé obìnrin náà. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. N kò dúró, mo kàn dín ìrìn mi kù. Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan, ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì dà bí ohùn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò. Ìtàn bàbá ta ni ọkọ mi wá ń sọ fún un? Mo gbé àlùbọ́sà mi délé.

Ní Sátidé, ọkọ mi lọ síbi eré bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fi ìwé tó fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì fún mi. Kì í ṣe ìtàn tó ti tò, ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ló sáré kọ bó ṣe ń bọ́. Kò fi àmì sí i, kò fi hàn pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Òyìnbó kò tíì fọwọ́ kan èyí. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ bàtà onírin tó wúwo, mo kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù aláwọ tí òjò á rin gbingbin tí yóò sì dà bí òkúta fún ẹni tó bá fi orí kàn án. Mo dé ìlà tó gbẹ̀yìn lójú ewé kan. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Mo fi oko sile nitori re"

Ojú ewé parí síbẹ̀. Mo wò ó. Gbogbo Ìlódè ló mọ ẹni tó fi ọkọ sílẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni nítorí ẹni tó fi í sílẹ̀. Ọkọ mi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ó ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ó sì gbé e fún mi kí n bá òun fi àmì sí i.

Mo fi àmì sí i. Mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dára jù: "Mo fi ọkọ sílẹ̀ nítorí rẹ." Ohùn àárín ló wà lórí ọkọ, ohùn àárín ló wà lórí rẹ, ohùn àárín kì í sì í gba àmì. Nítorí náà orí ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ lẹ́yìn tí mo kọ wọ́n tán. N kò ṣí ojú ewé kejì. Èmi tí mo ní òfin.

Mo ká ìwé méjèèjì mọ́ apá, mo wé gèlè, mo rìn lọ sí Ilare.

Ìyá Òyìnbó ń fa ewéko nínú ọgbà kékeré tó wà níwájú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ló wí, ó nu ọwọ́ sára ìró. "Dìde. Mo ti ń sọ fún Bàbá Ìbejì pé kó mú ọ wá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà. Gbólóhùn kan ni mo ní kí ẹ bá mi wò."

A wọlé. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó rí i lórí ara rẹ̀, ó wò mí bóyá màá rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé funfun síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí ìlà náà. Ó kà á sókè, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi àmì sí i gan-an, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: "Mo fi ọkọ sílẹ̀ nítorí rẹ."

Ó tún un kà nínú ọkàn rẹ̀.

"Ta ló sọ èyí?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ sọ ọ́."

"Fún ta?"

Ó wò mí láti orí gèlè dé bàtà, ó sì rọra jókòó.

"Ó yẹ kí n bínú," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sílé obìnrin kan báyìí rí, ní Ìbàdàn. Ti èmi, òótọ́ ni mo bá níbẹ̀. Ìwé tí Bàbá Ìbejì fi ń kọ̀wé dà?"

Mo gbé e fún un. Ó wá ojú ewé náà, ó rí ìlà náà, ó ṣí ojú ewé kejì, ó yí i sí mi. Lórí ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọkọ mi kọ ọ́ pé: "nigba ti ogun de oko naa lo tun gba mi."

"Ṣé ọkọ tí mo fi sílẹ̀ ló tún wá gbà mí nígbà ogun?" ni Ìyá Òyìnbó wí. "Ogun wo nìyẹn? Ẹni tí kò wálé ọdún Kérésì."

Ó mú pẹ́ńsù láti inú ife kan, ó fi àmì kan sórí ọkọ lórí ìwé funfun mi, ó fi ọ̀kan sórí rẹ. Àmì ìsàlẹ̀ méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó kà á fún mi: "Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ náà ló tún gbà mí." Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń kàn ló fi sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ẹgbẹ́ ńlá tà á fún ẹgbẹ́ kékeré, ẹgbẹ́ kékeré tà á fún èyí tó kéré sí i, títí ogun kejì fi dé tí wọn kò gbá bọ́ọ̀lù bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì padà sídìí òòlù. Ó ní ohun tí bàbá òun máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìgbésí ayé rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ sí. Òun kò ṣe bí ẹni tó rí i. Ó wọ yàrá, ó gbé agolo kan jáde, ó tú u sórí tábìlì: àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n gé, tí wọ́n ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àti fìlà kan. Fìlà ni lóòótọ́, aláràn-án, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ti ń ṣá, pẹ̀lú òwú wúrà tó so rọ̀ láti orí rẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò wúwo rárá.

"Ìyá mi kò fẹ́ràn fìlà yìí," ló wí. "Bó bá ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó kún fún ẹrọ̀fọ̀, á ní obìnrin mìíràn ń bá ọkọ jà nítorí obìnrin, òun ń bá tòun jà nítorí awọ màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tó wá ń jókòó sílé, ìyá mi ni kò lè fara dà á. Bàbá Ìbejì mọ ohun tí mò ń sọ. Orúnkún bàbá mi fọ́ ní tirẹ̀. Ti Bàbá Ìbejì tiẹ̀ sàn, kò ṣe nǹkan kan."

"Orúnkún ta ni?" mo ní.

Ó gbójú sókè. "O ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ máa wí, mà."

Ó ń wí, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí. Lẹ́tà ti dé láti Ìbàdàn pé kí ọkọ mi wá síbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo bí àwọn ìbejì ni. Wọ́n tètè dé, èkejì kò sì lè mu ọmú. Ọkọ mi fi lẹ́tà náà sínú bàtà tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó gbé bàtà náà sórí àjà, ó sì lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé orúnkún òun ti yẹ̀. Ojú á tì í láti sọ fún wọn pé ọmọ lòun dúró gbé. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rò pé òun á padà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ kò dára.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ náà. Mo rántí pé ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ọmọ náà sí àyà, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó ṣe é nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ síbi kankan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Òyìnbó, mo kó ìwé mi. Ní gbogbo ọ̀nà, inú mi kò rọ̀. Kò gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, èyí ti yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ tèmi, èmi àti ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ilare ṣáájú mi.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bó ṣe máa ń ṣe bí òjò bá rọ̀, ọkọ mi na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó ká ṣòkòtò sókè. Mo gbé ìgò òrí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń fi òrí ra orúnkún náà, ní gbogbo ìgbà òjò.

"Ibo ló ń dùn yín?" mo béèrè.

"Ibi tó máa ń dùn mí náà ni."

"Ẹ fi ọwọ́ sí i."

Ó fi ọwọ́ sí i. Ó wò mí. Mo ṣì di ìgò náà mú, n kò ṣí i.

"O ti lọ sí Ilare," ló wí.

"Mo lọ béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò yé mi."

Ó rọra sọ ṣòkòtò rẹ̀ kalẹ̀. "N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́, ṣe ni yóò dà bíi pé mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ àti ọmọ lọ́rùn. Ìyá yẹn ń sọ ti bàbá rẹ̀, ẹnu mi kàn ṣí."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún un."

"Mo sọ ọ́ fún un."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Èwo?"

"Pé ẹ kò lọ."

Ó yí ojú sí fèrèsé. "Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù," ló wí, "ó máa ń dùn mí. Àwọn ọjọ́ tó kù, rárá."

Mo gbé ìgò òrí padà sí àyè rẹ̀. Mo mú ìwé ìkọ̀wé titun kan, mo jókòó sí ìdí tábìlì, mo ṣí bíró.

"Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀," mo ní. "Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi àmì sí i."

Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ náà àti ní Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ìtàn bàbá Ìyá Òyìnbó jáde nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá ibi ọpọ́n ìwẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Àmì méjì tí Ìyá Òyìnbó fi pẹ́ńsù kọ, mo fi bíró tẹ̀ lé wọn lórí, kí ó má bàa hàn pé ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án.

Ti ọkọ mi kò jáde níbì kankan. Inú àpótí aṣọ mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà olóòtú. Lẹ́yìn ìgbà náà, Ìyá Òyìnbó pàdé mi lọ́nà ọjà, ó ní ọkọ mi sọ fún òun pé mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, pé ṣé òun lè kà á. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní n kò tíì fi àmì sí i tán.

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti fi àmì sí i tán.